Hakeem àti Olowokandi: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa draft NBA kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní bust

Tó bá ti di oṣù kẹfà ọdún, àríyànjiyàn kan máa ń gbóná láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì ní Fádèyí, láti etí Ikorodu Road títí wọ inú Ṣómólú àti Bàrígà. Ó lè jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó lè jẹ́ níbi tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti ń dúró de iná, ó sì lè jẹ́ láàrin àwọn ọmọ Unilag tó ń bọ̀ láti Akoka. Ìbéèrè kan náà ni: ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè nínú draft lọ́dún yìí, ṣé ọmọ náà á sì ṣe bẹbẹ, àbí bust lásán ni?

Àwọn tó le gan-an nínú wọn kì í sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ New York, aago kan òru ni lọ́dọ̀ wa. Tó bá fi máa di àárọ̀, wọ́n ti ṣèdájọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n yàn, nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú NBA.

Orúkọ méjì kì í sì í pẹ́ jáde nínú àríyànjiyàn náà: Hakeem Olajuwon àti Michael Olowokandi. Èkó ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà méje ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì ga. Àwọn méjèèjì ni wọ́n yàn ṣáájú gbogbo ènìyàn lọ́dún tiwọn. Ọ̀kan di ọ̀kan lára àwọn tó dára jù tó tíì gbá básíkẹ́ẹ̀tì láyé. Ìkejì di orúkọ tí wọ́n máa ń dá tí wọ́n bá fẹ́ ka àwọn tí ẹgbẹ́ fi nọ́ńbà kìn-ín-ní ṣòfò. Kí ló yà wọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pariwo.

Kí ni draft, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ jù, ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ ló máa ń ra ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù. NBA kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á kó orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọlé jọ, àwọn ẹgbẹ́ 30 á sì máa yàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ìpele méjì ni. Tí kò bá sí ìjìyà tó gba ààyè ẹnikẹ́ni, ọmọ 60 ni wọ́n máa ń yàn.

Àwọn ẹgbẹ́ tí nǹkan ò dáa fún ló máa ń kọ́kọ́ yàn, kí agbára lè tó gbogbo wọn. Àmọ́ kí ẹgbẹ́ kankan má baà mọ̀ọ́mọ̀ máa pàdánù nítorí àtirí ọmọ tó dáa, wọ́n fi lótìrì sí i láti ọdún 1985. Àwọn ẹgbẹ́ 14 tí kò dé ìpele àṣekágbá ló ń wọ lótìrì yìí. Nínú àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù ní àǹfààní kan náà láti gba nọ́ńbà kìn-ín-ní, ìyẹn 14 nínú 100.

Ọmọ tí yóò wọ draft gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 19 ó kéré tán lọ́dún náà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó bá ti pé 22, á ti di ẹni tí wọ́n lè yàn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yàn nípele kìn-ín-ní, owó ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ dájú nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá bọ́ sí ìpele kejì kò ní irú ìdánilójú yẹn.

Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ?

Ohun kan ṣoṣo ni: ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rò lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò sọ ohun tí ọmọ náà máa dà.

Àwa Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìtàn Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan lọ yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí. Àwọn méjì gbé orí tó tóbi, tó sì dán lójú. Ìgbà tí òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé ni wọ́n tó mọ̀ pé orí náà kò jinná. Afùwàpẹ́ ló gbé orí tó jinná, nítorí pé ó rí ẹni tó mọ̀ tó fi èyí tó dáa hàn án. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá ọmọ fún NBA ò yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n lè wọn gíga, wọ́n lè wọn gígùn apá àti bí èèyàn ṣe ń fò sókè. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn bí orí ṣe jinná tó, wọn ò tíì ṣe é.

Hakeem, 1984

Ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí Hakeem l'Ékòó. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Nílé ìwé Muslim Teachers College, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló ń gbá, gólì ló sì máa ń ṣọ́. Ó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980, ó gba University of Houston lọ.

Wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì náà lọ́dún àkọ́kọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn Fonde nílùú Houston, ibẹ̀ ló ti ń kojú Moses Malone. Nígbà yẹn, Malone ló ń gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù ní NBA. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí kò tíì pẹ́ nídìí básíkẹ́ẹ̀tì, tó ń bá ọ̀gá àwọn ọ̀gá wọ̀yá ìjà lábẹ́ irin, tí ọ̀gá náà ń tì í ṣubú, tó ń dìde. Lẹ́yìn náà ni Houston wá dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 1982, 1983 àti 1984, wọ́n sì pàdánù àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1984, lótìrì ò tíì sí. Owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè láàrin Houston Rockets àti Portland. Rockets ló jẹ ẹ́, wọ́n sì mú Hakeem. Portland mú Sam Bowie. Ẹni tó wá tẹ̀ lé e ni Michael Jordan, tí Chicago mú. Di òní, Portland ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọdún náà. Ẹnikẹ́ni ò bá Rockets jà pé wọn ò mú Jordan.

Àmọ́ ẹ wo iye ọdún tó gbà. Hakeem dé àṣekágbá NBA ní 1986, Boston nà wọ́n. 1994 ló tó gba ife-ẹ̀yẹ, ọdún kẹwàá lẹ́yìn draft nìyẹn. Ó tún un gbà ní 1995. Nínú sáà 1993–94 yẹn, òun ni òṣèré tó dára jù, òun ni ẹni tó ń dábòòbò jù, òun náà ni wọ́n tún dá lọ́lá jù nínú àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíì tó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú sáà kan. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló dí mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó kọjá iye yẹn. Tí Fádèyí àsìkò yìí bá wà ní 1992, tí wọ́n ń wo Hakeem tó ti lo ọdún mẹ́jọ láìgba ife, ẹ rò pé wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kùn?

Olowokandi, 1998

Oṣù kẹrin ọdún 1975 ni wọ́n bí Michael Olowokandi l'Ékòó. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, London ló sì dàgbà sí. Ó ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì. Ìtàn bó ṣe dé Amẹ́ríkà dùn-ún gbọ́: ó ṣí ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn yunifásítì sí, ojú rẹ̀ bọ́ sórí University of the Pacific ní California, ló bá pè wọ́n lórí fóònù.

Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lọ́dún tó kẹ́yìn, ó ń jẹ pọ́ìntì 22 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, rebound rẹ̀ sì lé ní 11. Los Angeles Clippers wò ó, wọ́n rí gíga, wọ́n rí ara, wọ́n sọ pé Hakeem mìíràn ti dé. Wọ́n mú un ṣáájú Vince Carter, ṣáájú Dirk Nowitzki, ṣáájú Paul Pierce. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ti wọ gbọ̀ngàn àwọn akọni básíkẹ́ẹ̀tì báyìí.

Ìjà owó láàrin àwọn òṣèré àti àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti sáà náà pa fún oṣù mélòó kan, ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ ní Ítálì. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, Clippers borí nínú ìdíje mẹ́sàn-án péré, wọ́n pàdánù 41. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí 15, wọ́n pàdánù 67. Láàrin ọdún márùn-ún tó lò níbẹ̀, kóòṣì mẹ́rin ló darí ẹgbẹ́ náà: Chris Ford, Jim Todd, Alvin Gentry, Dennis Johnson. Sáà 2002–03 ló wá fẹ́ jọ pé ojú ọjọ́ ti mọ́. Ó ń jẹ pọ́ìntì 12, ó ń gba rebound mẹ́sàn-án. Àmọ́ orúnkún dà á dúró lẹ́yìn ìdíje 36. Ó lọ sí Minnesota, ó lọ sí Boston, 2007 ló gbá ìdíje ìkẹyìn rẹ̀. Ìdíje 500 ló gbá lápapọ̀, pọ́ìntì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló sì ń jẹ nínú kọ̀ọ̀kan.

Kí ló yà wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ohun tí wọ́n máa ń sọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní Olowokandi pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ Hakeem náà ò tètè bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọdún tó kù fún wọn. Hakeem jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà draft, ó sì ti fara gbá tàwọn ọ̀gá ní Fonde. Olowokandi ti jẹ́ 23, yunifásítì kékeré ló sì ti wá.

Wọ́n ní Clippers ló ba tiẹ̀ jẹ́. Èyí náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún, ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ jókòó? Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ní sáà 2013–14, ẹgbẹ́ mìíràn tún borí 15 tó pàdánù 67, géérégé bíi Clippers. Milwaukee Bucks ni. Ọmọ ọdún 18 kan tó wọlé sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún náà ni Giannis Antetokounmpo.

Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá sọ ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí inú orúnkún ẹlòmíì. Ohun tí a lè sọ ni pé Hakeem rí ohun mẹ́ta gbà pa pọ̀: ẹni tó kọ́ ọ, ara tó gbà fún un, àti ẹgbẹ́ kan tó dúró tì í fún ọdún 17. Olowokandi ò rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ́. Àwọn àgbà ní orí nìkan kọ́, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ sì rántí pé ẹsẹ̀ gan-an ni Hakeem fi di Hakeem: yíyí tó máa ń yí lábẹ́ irin, tí wọ́n sọ ní Dream Shake, inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball tó gbá l'Ékòó ló ti kó o.

Nọ́ńbà 14, nọ́ńbà 15, nọ́ńbà 42

Tẹ́ ẹ bá wo ìsàlẹ̀ ìwé draft, ọ̀rọ̀ náà tún ń yéni sí i.

Ní 1994, New Jersey Nets fi nọ́ńbà 14 mú Yinka Dare, ọmọ Nàìjíríà tó ga bí ọ̀pẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló gbá ní sáà àkọ́kọ́ kí orúnkún tó dá a dúró. Ní sáà kejì, ó gbá ìdíje 58 láìpín bọ́ọ̀lù kan fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọlé. Ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún 2004 ni àìsàn ọkàn pa á, ọmọ ọdún 31 ni. Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn dínkù.

Giannis ni nọ́ńbà 15 ní 2013. Athens ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn kó tó di pé àwọn ará Gíríìsì kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ìpele kejì bọ́ọ̀lù Gíríìsì ló ti wá, kò sì jẹ tó pọ́ìntì méje nínú ìdíje kan ní sáà àkọ́kọ́. Ó di òṣèré tó dára jù ní 2019 àti 2020. Ní 2021, ó jẹ pọ́ìntì 50 lálẹ́ ọjọ́ tí Bucks gba ife. Ta ni wọ́n wá yàn ní nọ́ńbà kìn-ín-ní lọ́dún tiẹ̀? Anthony Bennett ni. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló gbá fún láàrin ọdún mẹ́rin, ó sì parí.

Olumide Oyedeji, ọmọ Ìbàdàn, ni nọ́ńbà 42 ní 2000. Ọdún mẹ́ta ló lò nínú NBA, ní Seattle àti Orlando. Ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù kiri ayé, ó ṣe balógun D'Tigers, ó sì dá àjọ sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ṣé bust nìyẹn?

Àwọn obìnrin náà ní draft tiwọn. Dallas Wings fi nọ́ńbà márùn-ún mú Arike Ogunbowale ní 2019. Lọ́dún kejì rẹ̀, ní 2020, kò sẹ́ni tó jẹ pọ́ìntì tó o nínú gbogbo WNBA.

Àwọn tí wọn ò tiẹ̀ pè rárá ńkọ́? Wọn ò yan Ime Udoka lọ́dún kankan. Ó gbá NBA, ó gbá fún Nàìjíríà, ó sì wá di kóòṣì tó mú Boston dé àṣekágbá ní 2022. Wọn ò yan Gabe Vincent náà. Ó wà nínú D'Tigers tó na Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas ní oṣù keje 2021, ó sì bá Miami dé àṣekágbá ní 2023.

Ìbéèrè mẹ́rin kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní bust

1. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí wọ́n yàn án, ọdún mélòó ló sì ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì?
2. Ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Ṣé kóòṣì kan náà ló rí fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán?
3. Ṣé ara gbà fún un? Ẹ ka ìdíje tó gbá kẹ́ ẹ tó ka pọ́ìntì.
4. Ta ló gbé ìrètí yẹn lé e lórí? Tí ẹgbẹ́ bá fi nọ́ńbà kìn-ín-ní mú ẹni tó yẹ ní nọ́ńbà 15, àṣìṣe ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.

Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló ga ńkọ́?

Kò sí ọmọ tó ga ní Ṣómólú àti Bàrígà tí wọn ò tíì sọ fún pé kó lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì kó lè gbé ìdílé rẹ̀ lọ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń wu ọmọ lórí, àmọ́ ó wúwo léjìká ọmọ ọdún 15. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó dájú.

A kì í fi owó ra ipò nínú draft. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ìyá ọmọ mú owó wá kí orúkọ ọmọ rẹ̀ lè wọ draft, jìbìtì ni.

Ilé ìwé ṣì ni ọ̀nà tó gbòòrò jù. Ìwé ló gbé Hakeem àti Olowokandi dé Amẹ́ríkà, torí yunifásítì Amẹ́ríkà kò ní gba ọmọ tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò dáa, bó ti wù kó ga tó. Ọ̀nà mìíràn tún ti ṣí nílẹ̀ Áfíríkà: NBA ní ilé ẹ̀kọ́ básíkẹ́ẹ̀tì ní Saly, orílẹ̀-èdè Senegal, ìdíje Basketball Africa League náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ilé ẹ̀kọ́ Saly yẹn ni Khaman Maluach, ọmọ South Sudan, gbà kọjá kó tó lọ sí yunifásítì Duke. Ní 2025, nọ́ńbà kẹwàá ni wọ́n fi mú un.

Ẹ má sì gbàgbé pé draft kọ́ ni gbogbo ayé. Láti 2017 títí dé 2025, D'Tigress gba AfroBasket lẹ́ẹ̀marùn-ún léra wọn. Ní Paris 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Òlíḿpíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé draft kankan.

Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà dáa, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ọmọ mu. Tí Milwaukee bá fi sáà àkọ́kọ́ ṣèdájọ́ Giannis, wọn ì bá ti lé e lọ. Ẹ máa jiyàn yín lọ, adùn eré ìdárayá nìyẹn. Àmọ́ ẹ fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní ọdún márùn-ún kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.